Ẹ̀tù Ìyá Ọkọ Mi àti Oògùn Inú Ìgò

Ní ilé wa ní Tamale, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi abẹ kan ara ọmọ àfi ìyá ọkọ mi. Bí ọmọ bá ń rù, bí eyín rẹ̀ bá pẹ́ kó tó yọ, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná tí kò lọ, òun ni wọ́n máa gbé e lọ bá. Á sín gbẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i lára, á fi ìka tẹ ẹ̀tù dúdú sójú ibẹ̀, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i títí ọmọ náà á fi dákẹ́. Kì í ṣe ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń pè é. Gbogbo ilé àwa Yorùbá tó wà ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, láti ẹ̀gbẹ́ ọjà títí dé ibi tí àwọn ará Ìlọrin ti ń kéwú, ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Tìróò ló ń tà, nítorí náà orí ìka rẹ̀ kì í mọ́, yálà ó sín gbẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí kò sín.

Mi ò tíì pẹ́ nílé náà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti gbé mi wá fún ọmọ rẹ̀. A jókòó nínú lọ́rì títí tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí a sọ̀ pàápàá, ara mi ṣì ń gbọ̀n. Oníṣòwò aṣọ ni ọkọ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé: bí ó ti ń ti Yendi bọ̀ ló ti ń múra Salaga. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé, ká sọ òótọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi Hausa nájà, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àwọn Dagomba tó nilẹ̀ kí wọ́n má bàa rò pé wọn ò kọ́ mi nílé, òun náà ló sì máa ń sọ fún àlejò pé ọkà tí ìyàwó òun bá ro, èèyàn lè fi mọ ilé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún máa ń bínú sí i. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, obìnrin, ó gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo kàn bá a gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn ni.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó pọn ọkọ mi lọ sí ọjà òkèèrè kan, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ tó dàgbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, olóde ti wọlé, ó ti jáde, wọ́n sì ti sin àwọn ọmọ náà. Olóde là ń pè é, tàbí ìgbóná. Nínú ilé kéwú wa pàápàá, kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ àrùn náà gan-an. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún mi. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọwọ́ pa ojú ọmọ mi, á ní, "Wo ojú jọ̀lọ̀."

Òjò ti dá, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a gbọ́ pé olóde ti wọ Gurugu. Abúlé ni Gurugu nígbà náà, oko ló wà láàárín àwa àtiwọn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń ta igi ìdáná fún wa. Ìjọba rán àwọn abupá jáde, àwọn tó ń fi abẹ ha apá èèyàn, tí wọ́n á kán oògùn sójú ibẹ̀ kí olóde má bàa lè mú un. Akéde olórí Sóńgò ké kiri pé kí oníkálukú kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Àwọn Hausa ń jáde díẹ̀díẹ̀. Àwa Yorùbá tilẹ̀kùn. Ẹnìkan ló sọ ní mọ́ṣáláṣí pé àpá tí wọ́n ń dá síni lápá, òun ni wọ́n máa fi mọ àwọn tí wọ́n máa kó lọ fọ́ òkúta ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kò lórí kò nídìí, ṣùgbọ́n àlejò ni wá níbẹ̀, ẹ̀rù ìjọba sì máa ń bà wá ju àwọn onílẹ̀ lọ.

Abupá tí wọ́n rán sí àdúgbò wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Dagomba, tó gbọ́ Hausa dáadáa. Kò gbá ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé wa, ó bi àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ pé ta ló sín gbẹ́rẹ́ tó wà lára wọn. Gbogbo wọn nawọ́ sílé wa. Ó dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì lóṣòó kí ìyá ọkọ mi bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń kí àgbà.

"Kàká," ó ní, bí Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni abẹ ilé yìí. Mi ò lè gé ọmọ yín láì tọrọ àyè lọ́wọ́ yín."

Mo wà nídìí iná, mò ń po kókò, ìyẹn ògì tí a fẹ́ mu. Mo rí i tí ìyá ọkọ mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní kó jókòó. Ó ní kó mú abẹ rẹ̀ wá kóun rí i. Ó fi èékánná tọ́ ọ wò, ó bi í bó ṣe ń fọ̀ ọ́, ọkùnrin náà sì tan fìtílà kékeré kan, ó fi ojú abẹ náà la iná kọjá. Ìyá ọkọ mi mi orí pé ó dáa. Lẹ́yìn náà ló béèrè oògùn. Ọkùnrin náà yọ ìgò tín-ín-rín kan jáde, kò sanra ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Èyí nìkan?"

"Èyí nìkan ni, Kàká."

"Òun lo fẹ́ pín fún gbogbo àwọn ọmọ tó wà nílé yìí?"

"Ó máa kárí wọn."

Ó wò ó tàánú-tàánú, ó sì ní kí n bu kókò fún un. Ọkùnrin náà mu ún, ó dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ló di ọmọ mi mú fún un. Ó gé èmi náà, ó sì gé ìyá ọkọ mi gbẹ̀yìn. Mo rántí pé kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ahun ni ìjọba yìí," ó ní. "Ẹ wo omi lásán tí wọ́n bù fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa kán an kiri. Ó mọ̀ ọ́n gé o, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Àmọ́ ta ni í sín gbẹ́rẹ́ tí í fi í sílẹ̀ ní òfìfo?" Ó wọ yàrá, ó gbé àdó ẹ̀tù rẹ̀ jáde, ó sì fi ìka tẹ ẹ̀tù sójú gbogbo ibi tí abupá ti gé, lára ọmọ mi, lára mi, lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu nínú wa. Lójú tiwa, gbẹ́rẹ́ tí kò ní ẹ̀tù jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò parí.

Kò dúró síbẹ̀. Ó lọ láti ilé dé ilé. Ó ní ọ̀rọ̀ òkúta ojú ọ̀nà kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ti wo abẹ abupá náà, ó mọ́, kí wọ́n jẹ́ kó gé àwọn ọmọ, òun á sì bá a parí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ wà ńbẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí abupá bá ti ń jáde nílé kan ni òun ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú àdó rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fura. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ káàkiri pé òun ló bá òun ṣílẹ̀kùn àwọn Yorùbá, òótọ́ sì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá wo apá wa. Ibi tó gé yẹ kó wú, kó sì lé bíi pé eéwo kékeré kan fẹ́ yọ. Apá ọmọ mi gbẹ. Tèmi gbẹ. Ó lọ sí ilé kejì, bákan náà. Ilé kẹta, bákan náà. Ìgbà tó máa fi padà dé abẹ́ igi dóńgóyárò wa, ó jókòó sílẹ̀ láì tẹ́ nǹkan, ó fi ọwọ́ gba orí mú.

"Ti àwọn Hausa wú," ó sọ fún ìyá ọkọ mi. "Ẹ̀yin nìkan ni. Bóyá oòrùn ló ba ìgò tí mo lò fún yín jẹ́ nínú lọ́rì. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ̀gá mi."

Àánú rẹ̀ ṣe ìyá ọkọ mi. Ó jókòó tì í, ó ń fọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tu ọmọ rẹ̀ nínú. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ó ní. "Bí tìrẹ ò bá tiẹ̀ wú, mo ti fi tèmi sí i. Kò sí apá kan tí mi ò fi ẹ̀tù sí ní gbogbo ilé tí o ti gé wa."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. Mo ń retí pé á pariwo, nítorí pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti pariwo. Kò pariwo. Ó bi í léèrè bóyá ó máa ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wàrà kíkan díẹ̀ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú igbá, tí wọ́n á da wàrà tuntun lé lórí kí òun náà lè kan, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tẹ́nìkan bá da eérú sí díẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Á kú. Wàrà tuntun ò ní kan mọ́."

"Oògùn tèmi náà wà láàyè bẹ́ẹ̀, Kàká. Ààyè ló gbọ́dọ̀ wà kó tó kọ́ ara bí wọ́n ṣe ń bá olóde jà. Ẹ̀tù yín lágbára jù ú lọ."

Ìyá ọkọ mi wo orí ìka rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Ẹ̀tù yín ni, Kàká."

"Èmi àti ẹ̀tù mi, ta ló yà wá?"

Ó dìde, ó wọlé. Ọkùnrin náà ní òun á ránṣẹ́ sí Kùmásí kí wọ́n fi oògùn mìíràn sínú lọ́rì, ṣùgbọ́n òun kò mọ ọjọ́ tó máa dé. Kó tó dé, a gbọ́ pé olóde ti wọ ilé kan lẹ́bàá ọjà.

Mi ò fẹ́ purọ́: mo bínú sí i nígbà tí a ń retí lọ́rì yẹn. Mo ń gbọ́únjẹ fún un, mo ń kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n mi ò bá a tàkúrọ̀sọ. Mo gbé ọmọ mi sùn mọ́ra, mo ń wo àyà rẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ mo máa rò pé olóde ni. Òun náà mọ̀. Kò béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi mọ́. Á jókòó sí iwájú yàrá tirẹ̀, á máa wò wá láti òkèèrè. Ọjọ́ kan ni mo rí i tó ń lọ tìróò, omi ojú ń bọ́ sínú ọlọ náà, kò sì nù ún. Mo gbé ọmọ lọ gbé lé e lẹ́sẹ̀.

Lọ́rì dé. Ilé wa ni abupá kọ́kọ́ wá. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àdó ẹ̀tù fún mi pé kí n tì í mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gé ọmọ mi, wọ́n gé mi. Nígbà tó kan òun, ó ní kó ṣì máa lọ sí ilé mìíràn, oògùn náà kò pọ̀, kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ gbà á.

Apá ọmọ mi wú. Ara rẹ̀ gbóná, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá àgbà gbé rí, ẹ bá mi ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún obìnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ Sóńgò fi ń sàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, ó ń wo apá ọmọ náà bí ó ti ń pọ́n. Ó ń sọ pé, "Ìyàwó, ṣé kò tíì tó?" Mo ní, "Kò tíì tó, Ìyá." Nígbà tí ara ọmọ náà rọlẹ̀, tí èépá wá bo ojú ibẹ̀ dáadáa bí abupá ṣe wí, ó gbà á, ó pọn ọ́n, ó sì jáde.

Àwọn ilé tó ti tẹ ẹ̀tù sí wọn lápá ló padà lọ. Mo tẹ̀ lé e ní ilé àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un. Bàbá kan tó jẹ́ pé ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí a jẹ́ kí wọ́n gé wọn. Ẹ̀yin náà lẹ fi ẹ̀tù sí i. Ẹ tún ní kí wọ́n gé wọn láì fi ẹ̀tù sí i. Èwo ni ká gbà?"

"Èyí tó kẹ́yìn," ó ní. "Èmi ni mo bà á jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ wo apá ọmọ mi, ọwọ́ mi ò kàn án." Ó yí ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n lè rí apá ọmọ náà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín nílé kan. Nílé mìíràn obìnrin kan sọ pé láti òní lọ òun á máa wá ẹlòmíràn sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ òun. Ìyá ọkọ mi ní, "Wá ẹni tó wù ọ́, ṣùgbọ́n gbé ọmọ yẹn lọ sábẹ́ igi ná." Ojú tì í, mo mọ̀ pé ojú tì í, nítorí bó bá dé ilé kì í lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì á tún pọn ọmọ náà. Wọ́n ń jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí wọ́n bá tiẹ̀ ń ráhùn, wọ́n ń jáde, wọ́n sì tò sábẹ́ igi dóńgóyárò títí oògùn inú ìgò fi tán. Nígbà tó ku díẹ̀ kó tán, abupá wá bá a, ó ní òun fẹ́ fi èyí tó kù gé e, ó kọ̀, ó ní kó fi fún ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. "Fi tèmi dúró de lọ́rì tó ń bọ̀," ló ní.

Kí lọ́rì yẹn tó dé, ara rẹ̀ gbóná. Nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i níwájú orí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n gbé òun kúrò nínú ilé. Ahéré kan wà ní ọ̀nà Kakpagyili tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn olóde sí. Olùṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ọkọ mi ti Salaga dé, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọdé, wọn ò gbà fún un, nítorí pé kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń gé wa. Abupá wá, ó ká apá aṣọ mi sókè, ó fi ojú àpá náà han olùṣọ́. "Èyí lè wọlé," ó ní. "Olóde ò lè ṣe é ní nǹkan kan."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Mo fi omi nu ún lára, mo ń fi ìka kán fùrá, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà, sí i lẹ́nu nígbà tí ẹnu rẹ̀ ò ṣeé là. Ó ń sọ pé kí n máa lọ, kí n ronú ọmọ mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ èrè rẹ̀." Inú ahéré yẹn ni mo ti pè é ní ìyá mi, láì fi ti ọkọ kún un, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ ti wú pa nígbà náà. Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i.

Kò kú. Àwọn mìíràn kú nínú ahéré náà, mo rí wọn, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Ní àwọn ilé Yorùbá tó ti lọ bẹ̀, kò sí ọmọ kan tó bá olóde lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wíwú ojú rẹ̀ rọlẹ̀, kò ríran mọ́. Mo fi ọwọ́ mú un lọ́wọ́ láti Kakpagyili wálé, ó ń bi mí ní gbogbo ọ̀nà pé kí ni mò ń rí, mo sì ń sọ fún un.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀, bó bá ti kírun tán, á ní kí n gbé ọmọ wá. Á fi ìka bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀, á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sílẹ̀, á lọ yí imú, á dé àgbọ̀n, jẹ́jẹ́, kò ní fo ibì kankan. Lẹ́yìn náà á ní, "Alihamudulilai," á sì dá a padà fún mi. Ọmọ náà ń dàgbà, ó di ẹni tó ń sáré, kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó bínú, ó gbọn orí.

"Ìyá àgbà, kí lẹ máa ń wá lójú mi?"

"Mi ò wá nǹkan kan," ó ní. "Mò ń wò ọ́ ni."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sún ojú rẹ̀ mọ́ ọn.